Oògùn Adìẹ Tí Mo Dà Nù

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Ìyàwó alága àdúgbò yọjú, ó rí páálí oògùn adìẹ tó ṣẹ́kù láti ìgbà tí mo ń sin adìẹ. "Bàbá, ṣé ẹ ti di oníkẹ́míìsì ni?" Obìnrin yìí, ẹnu rẹ̀ kì í dúró. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn á ti máa pè mí ní olóògùn ayédèrú. Mo da gbogbo ìyẹ̀fun oògùn náà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo fa omi lé e. Odindi páálí. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹfà
Òórùn! Omi ìdọ̀tí gbogbo ilé àdúgbò wa, inú kànga ńlá onísìmẹ́ńtì kan lẹ́yìn ọgbà ló ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di mímọ́. Opó kan ló ń tọ́jú rẹ̀ — Onímú ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí imú ló fi ń mọ̀ bí ara omi náà bá dá. Tó bá ń run bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, àlàáfíà ni. Lónìí ó bu díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e sójú mi. Ẹrẹ̀ tó yẹ kó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò kọ̀, kò rọlẹ̀.

"Bàbá, nǹkan ti pa àwọn ọmọ mi." Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ìdọ̀tí ló ń pè lọ́mọ.

Mo ní kí Ọlọ́run ṣàánú. Ẹnu mi yìí!

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹfà
Mo kàwé títí ojú fi ń ta mí. Oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn kì í béèrè èyí tó ń ṣoore kó tó pa á. Ṣùgbọ́n kì í pa wọ́n tán. Àwọn olóríkunkun a ṣẹ́kù, wọn a pọ̀ sí i, wọn a sì fi ọgbọ́n tí wọ́n fi yè é ran ara wọn. Nítorí náà, omi náà lè sàn fúnra rẹ̀. Èmi àgbàlagbà — mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà fún kòkòrò.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹfà
Ìpàdé. Alága ní oorun ni Onímú ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Onímú ní rárá, ẹnì kan ló da oògùn sómi. "Ta ló ṣàìsàn tó bẹ́ẹ̀?" ni Alága bi í. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Mo ń wo bàtà mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹfà
Òórùn ti lọ. Ọkùnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ dípò Onímú kò mọ̀ ju kó gbálẹ̀ lọ. Àwọn kòkòrò olóríkunkun ló ṣe é. Alága ń yan kiri: "Ẹ ò rí i? Ọ̀lẹ la lé lọ." Ìwòsàn tí mo tọrọ ló wá dá Onímú lẹ́bi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹfà
Mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Mo ní èmi ni mo da oògùn adìẹ sómi. Alága rọra mú mi jókòó: "Bàbá, tó bá jẹ́ oògùn ni, ṣé omi á tún sàn?" Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́: "Hẹn-ẹn! Ẹ ò mọ̀ ni? Bàbá fẹ́ fi opó yẹn ṣaya!"

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Keje
Ọ̀rọ̀ náà ti kárí àdúgbò. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ mi ni Onímú máa ń wà nígbà tó yẹ kó wà nídìí iṣẹ́. Iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ rere ló kù, mo ti gba ìyẹn náà.

Onímú ń kọjá lọ láàárọ̀ yìí. Mo dìde, mo kí i. Ó fi ìborùn bojú, ó sọdá sí òdìkejì títì.