Báàfù Ìwẹ̀ Rẹ àti Àwọn Ọmọ Ẹja

Ìyá mi kékeré, ọmọ mi kan ṣoṣo,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń rí oorun sùn? Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìwé, mo kí ọ kú àárò ilé. Ọlọ́run tó fi ọ́ fún mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, tí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ, kò ní dójú tì ọ́ ní ìlú tó o ti ń kàwé. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ara wa le, àfi ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ fẹnu ara mi jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì tó sọ ọ́ fún ọ.

Nígbà tí o ń lọ, o ní kí n máa bá ọ wo ibi tí odò ti yà wọ inú koríko lẹ́yìn ilé, torí àwọn ọmọ ẹja tí o máa wá kà lóṣù tó ń bọ̀ fún iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ. Wíwò lo ní kí n wò. Ṣùgbọ́n látìgbà tí o ti kọ̀wé pé o sunkún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò lè rí nǹkan kékeré mọ́ kí n má gbé e mọ́ra.

Lọ́jọ́ Ajé, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé láti ọ́fíìsì dáàmù pé àwọn máa ṣí omi sílẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, kí ará etídò kó ẹrù kúrò. Mo fèsì. Mo kí wọn, mo béèrè àwọn ará ilé wọn, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú omi níbí. Wọn ò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà tún wọlé. Mo ní inú ti bí ọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Bàbá rẹ ní ẹ̀rọ ló ń fi í ránṣẹ́. Mo ní ẹ̀rọ wo ló mọ nọ́ńbà mi?

Ni mo bá gbé asẹ́ ìdáná àti báàfù tí mo fi ń wẹ̀ ọ́ ní kékeré, mo wọ inú koríko, mo ń gbọ́n wọn. Ẹja tí kò ju èékánná lọ! Igba ó lé méje ni mo kà. Mo gbé wọn sí yàrá rẹ, mo ti fèrèsé kí òtútù má mú wọn, mo rún búrẹ́dì sí i, mo tún da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń yanu lójú omi, mẹ́rìnlá ti yí ikùn sókè.

Mo sáré pe apẹja tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó bi mí bóyá mo ti rán aṣọ òtútù fún wọn. Ó wá ní omi dáàmù yẹn gan-an ni wọ́n ń retí. Ó ní tí wọ́n bá bọ́ sáàárín odò báyìí, omi á gbé wọn lọ, ẹja ńlá á sì jẹ wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá sínú koríko níbi tí omi ti rọra ń lọ. Tí omi bá ń kún díẹ̀díẹ̀, á dé koríko tuntun, oúnjẹ á pọ̀, ibi ìsápamọ́ á pọ̀. Tí ìrù wọn bá le, wọ́n á jáde fúnra wọn, ẹnìkan kì í tì wọ́n. Èmi tí mo yege Báyọ́lọ́jì!

A gbé wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní kí n rọra tẹ báàfù wọ odò, kí wọ́n jáde fúnra wọn. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo jókòó sínú omi, odò gba asẹ́ lọ́wọ́ mi. Lánàá, omi dáàmù dé jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wọ yàrá tí ọmọ ti ń sùn. Mo rí wọn nínú koríko tuntun, wọ́n ń jẹun, ìkankan nínú wọn ò tiẹ̀ bojú wò mí.

Tó o bá dé, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé mẹ́rìnlá kú, ìyá rẹ ló sì pa wọ́n, kì í ṣe odò. Tí olùkọ́ rẹ bá béèrè, ìtọ́jú ni mo fi pa wọ́n. Jọ̀ọ́, fi owó asẹ́ rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Má fi gba báńkì o: ẹ̀rọ wọn gbé káàdì mi mì lóṣù tó kọjá, mo ṣì ń dúró kó bì í.

Ó ku ohun kan. Látìgbà tí ìwé rẹ ti dé ni mo ti di ẹrù, mo ti sanwó ọkọ̀ ọjọ́ Sátidé láti wá gbé ọ wálé. Lánàá, nígbà tí mo ti etídò dé, mo tú ẹrù náà. Kí Ọlọ́run fún ọ ní koríko tí wàá sá sí nínú ìlú yẹn, kí omi ibẹ̀ máa wá díẹ̀díẹ̀, kí ìrù rẹ le. Tí ẹkún bá dé, sun ún, kó o sì kọ̀wé. Báàfù ti wà lókè àjà. Bàbá rẹ ni mo ní kó gbé e síbẹ̀, kí ọwọ́ mi má baà tó o.

Èmi ni ìyá rẹ,
apẹja tuntun.