Afárá Tí Mo Ní Kí Ẹ Má Gbà

Bùọ̀dá mi,

Láràárọ̀, bí mo bá dé àárín afárá tó lọ sí ilé-ìwé, mo máa ń bọ́ ìbọ̀wọ́, màá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá, irin náà á gbọ̀n, á tún dákẹ́. Èmi àti afárá yìí nìkan la jọ ń kíra ní ìlú òtútù yìí.

Mo kí Màmá, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́? Ikọ́ mi ti lọ.

Ojú ń tì mí, Bùọ̀dá. Èmi ni mo fi ìṣirò sọ pé afárá ilé kò lè gbé tírélà yín. Ẹ sì gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ̀ ń jó epo gba ọ̀nà jíjìn yípo, àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín sì ń pè yín ní Bàbá Ayípo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ wa pariwo ní kíláàsì pé, “Irin tó tẹ̀ tí kò nà mọ́ kò tíì ṣẹ́ o! Àwọn tó kù á bá a gbé ẹrù náà.” Ibi tí irin kan ti kọ́kọ́ tẹ̀ ni ìṣirò tèmi parí sí; bóyá afárá ilé tiẹ̀ lè gbé yín. Ó yẹ kí n béèrè níjọ́ náà, àmọ́ ìtìjú pa mí lẹ́nu mọ́, ẹ̀yin sì ń yípo lọ.

Ẹ má tíì gba orí rẹ̀ o, n kò tíì mọ̀ dájú. Ẹ bá mi wo ibi tí àwọn irin abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún. Ọlọ́run á máa bá yín di ọkọ̀ mú.

Lọ́la, màá kan ilẹ̀kùn olùkọ́, màá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo ti ṣi ẹ̀gbọ́n mi lọ́nà. Ẹ bá mi tún un ṣírò.”

Àbúrò yín