Èmi Ni Nọ́ńbà Àjèjì Àná

Màámi, ẹ bá mi yọ̀! Mo nu ọṣẹ kúrò lọ́wọ́, mo ki módẹ̀mù tó ní síìmù nínú bọ kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi, mo fi pè yín, mo sì gbọ́ yín ketekete! Fóònù tèmi ń sinmi ná. Èmi ni ẹ pariwo mọ́: "Gbájúẹ̀! Ọ́fíìsì ni ọmọ tèmi wà, ẹ̀rọ kì í hó níbẹ̀ báyìí!" Wọ́n kàn ń fi ẹ̀rọ fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni. Àmọ́ mo ń bi ara mi: ṣé kọ̀ǹpútà ló yí ohùn mi padà, àbí èmi gan-an? Bí nọ́ńbà àná yẹn bá tún pè yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè gé e. Ẹ ní kí àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sín ohùn mi jẹ dáadáa, kí ẹ má baà gbàgbé rẹ̀. Mo kí Bàbá, mo kí gbogbo ilé.