Bàbá Fi Ìyá Agbẹ̀bí Wé Róòmù

                                                  Ilé Bàbá,
                                                  Òpópónà Ilé-Ìkàwé.
                                                  Ọjọ́ Àìkú, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé eyín àbíkẹ́yìn yín ti yọ, àbí ìka gbogbo ará ilé ló ṣì ń gé jẹ? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fún ọ ní àga tuntun níbi iṣẹ́, àbí o ṣì ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀? Ara tèmi le. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń pariwo, èmi náà ń pariwo mọ́ ọn, a jọ ń bá a lọ. Ara Bàbá náà le, ó tiẹ̀ le ju bí o ṣe rò lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Lórí fóònù, bí mo bá ti dárúkọ Ìyá Agbẹ̀bí báyìí ni iná fóònù rẹ máa ń kú. Ìwé kì í kú ní tiẹ̀. Bí o bá sì ká a jù síbì kan, mo mọ ìyàwó rẹ, á tú u kà.

Jẹ́ kí n mú un látìbẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí Màmá ti jáde láyé, Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé yìí. Wọ́n á jí, wọ́n á po tíì, wọ́n á gbé ife méjì kalẹ̀, wọ́n á wá rántí, wọ́n á sì dá ọ̀kan padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi á wà nídìí ẹ̀rọ mi ní pálọ̀, màá máa ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Ó máa ń dùn mí wọ egungun. Nígbà tí ilé ìkàwé wá ní kí Bàbá máa kọ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní ìtàn ayé àtijọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo tì wọ́n jáde. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn, mo ki ṣọ́ọ̀kì sí wọn lápò, mo sì tilẹ̀kùn mọ́ wọn síta.

O mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Wọ́n á fa ìlà gbọọrọ sáàárín pátákó, ìlú kan á wà lápá òsì, ìkejì á wà lápá ọ̀tún. Ta ló mọ ọ̀nà là jù? Ta ló mọ òkú tọ́jú jù? Kò sí ohun tí Bàbá ò lè fi wé òmíràn láyé yìí. Ṣé o ti gbàgbé pé nígbà tí a wà ní kékeré, Spátà ni wọ́n ń pe yàrá tìrẹ, nítorí pé bẹ́ẹ̀dì nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ń pe tèmi ní Bábílónì? Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní ariwo ni.

Ìyá Agbẹ̀bí ló ń jókòó sí iwájú. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìgbẹ̀bí ní ọsibítù, ọkọ wọn ti kú tipẹ́, ọmọ wọn sì ti ní ilé tirẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá ń yin àwọn ará Átẹ́ńsì pé àwọn ló kọ́ ayé bí gbogbo ìlú ṣe ń dìbò. Ìyá Agbẹ̀bí nawọ́ sókè.

“Tíṣà, ṣé àwọn ìyàwó wọn náà dìbò?”

Bàbá ní rárá.

“Ṣé wọ́n lè ta ilé fúnra wọn?”

Bàbá ní rárá, àfi kí ọkùnrin kan dúró fún wọn.

“Ní Íjíbítì ńkọ́?”

Bàbá ò lè purọ́ tí ṣọ́ọ̀kì bá ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní obìnrin Íjíbítì lè ní dúkìá tirẹ̀, kó tà á, kó sì gbé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lọ sílé ẹjọ́.

“Ẹ pa Átẹ́ńsì rẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, kí a máa lọ.”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Bàbá délé, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀! Wọ́n rojọ́ obìnrin náà títí tíì fi tutù. Àbúrò mi, inú mi dùn débi pé mo rán apá jákẹ́ẹ̀tì oníbàárà mọ́ ọrùn.

Láti ìgbà náà ni Ìyá Agbẹ̀bí ti ń yà kí wa, tí wọ́n á sì jọ máa jiyàn. Bàbá ń yin àwọn ará Róòmù, Ìyá Agbẹ̀bí ní ènìyàn wo ló ń jókòó gba afẹ́fẹ́ pẹ̀lú aládùúgbò nílé ìgbẹ́ tí kò ní ògiri láàárín. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka òfin Bábílónì pé bí ilé bá wó pa onílé, pípa ni kí wọ́n pa ẹni tó kọ́ ọ, Bàbá ní òfin náà ti le jù. Ìyá Agbẹ̀bí gbójú sókè wo àjà ìdáná wa, èyí tí Bàbá fọwọ́ ara wọn tún ṣe. Wọ́n ní, “Lóòótọ́ ni, Tíṣà. Ó ti le jù fún irú yín.”

Ní Sátidé kan, mo ń gé aṣọ lọ́wọ́, Bàbá wúkọ́. Mo mọ irú ikọ́ yẹn, ikọ́ ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan ni. Wọ́n ní, “Ìyá Agbẹ̀bí, ìyàwó mi tó lọ, Íjíbítì ni. Ẹ̀yin, Róòmù ni yín.”

Àbúrò mi, lójú Bàbá, kò tún sí oríyìn tó ju ìyẹn lọ. Màmá ni èyí tó pẹ́ títí tí ènìyàn ò lè wò tán, Ìyá Agbẹ̀bí ni èyí tó gbé omi wá síbi tó ti gbẹ. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì ṣàlàyé tí wọ́n fi dúró mí. Ẹyin sì lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá Agbẹ̀bí gbé ife sílẹ̀.

“Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ wa. Ṣé Róòmù kọ́ ló lọ gba Íjíbítì mọ́ wọn lọ́wọ́? Ṣé mo wá gba ilé ìyàwó yín ni?”

Wọ́n gbé báàgì, ó di ìta. Wọn ò wá sí kíláàsì ní Ọjọ́bọ̀, wọn ò wá ní èyí tó tẹ̀ lé e. Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá ife kan padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Inú rẹ dùn díẹ̀ níbi tí o kà dé yìí, má purọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́tí. Nígbà tí o bi mí lọ́jọ́sí pé, “Kí ni obìnrin yẹn jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá?”, ìlà lo fà yẹn. Màmá lápá òsì, àlejò lápá ọ̀tún. Ìwọ tí ò ń bínú sí Bàbá! Ẹni bíni làá jọ.

Bàbá ní kí n sin àwọn lọ bẹ Ìyá Agbẹ̀bí nílé wọn. Ìyá Agbẹ̀bí ṣílẹ̀kùn, wọn ò ní ká wọlé. Bàbá dúró lórí àtẹ̀gùn bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé.

“Mo ṣì í kọ́,” ni wọ́n wí. “Ìlú kan wà tí n kò tíì kọ́ yín, ní Àfonífojì Odò Índúsì. Wọ́n kọ̀wé sílẹ̀, ṣùgbọ́n títí dòní, kò tíì sẹ́ni tó rí i kà dájú. Ìlú tí n kò tíì mọ̀wé rẹ̀ kà, kí ni mo fẹ́ fi í wé? Ẹ̀yin nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.”

Omi lé sí mi lójú. Ìyá Agbẹ̀bí ká ọwọ́ mọ́ àyà.

“Kí ni wọ́n tún mọ ìlú náà mọ́?”

Bàbá wo ilẹ̀. “Balùwẹ̀,” ni wọ́n wí, “àti gọ́tà.”

“Gọ́tà?”

“Gọ́tà tó dára gan-an ni. Wọ́n tún bò ó.”

Ìyá Agbẹ̀bí di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú. “Nínú gbogbo ìlú ayé, ìlú gọ́tà lẹ rí fi mí wé!” Bàbá kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ti tún bàjẹ́, àfi ìgbà tí wọ́n ní ká wọlé.

Wọ́n gbà láti fẹ́ Bàbá, ṣùgbọ́n bí obìnrin Íjíbítì ni wọ́n ṣe gbà: ilé wọn á máa jẹ́ tiwọn. Wọ́n sì tún sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ mí lára. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ohun tí o sọ nípa àga Màmá (má béèrè ẹni tó sọ fún wọn), pé o kò ní tẹsẹ̀ bọ ilé yìí mọ́ bí ẹnikẹ́ni bá jókòó sí i. Wọ́n ní ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn fẹ́ mọ̀ ọ́n. Lánàá, wọ́n gbé àga tiwọn wá, àga onígi kékeré tí wọ́n máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aboyún tó ń rọbí. Bàbá ní bí àwọn ará Íjíbítì ṣe ń gbé àga wọn lọ sí sàréè gan-an nìyẹn. Ìyá Agbẹ̀bí ní kí wọ́n panu mọ́ kí wọ́n máa mu tíì wọn.

Bàbá ò gbà ká dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n ní ó di ìgbà tí ìwọ bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù rẹ ń bà wọ́n, ìwọ tí wọ́n kọ́ ní A, B, D! Wọn ò mọ̀ pé mo ń kọ èyí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, ní pàtàkì bó bá jẹ́ òun ló ń kà á. Fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi, kí o sì ṣọ́ra fún eyín.

Àga Màmá wà níbi tó wà, ó ṣófo, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe sí i. Àga tìrẹ náà ṣófo. Ìyẹn, bọ́ọ̀sì àárọ̀ kan péré ló máa yanjú ẹ̀.

                                                  Èmi ni tìrẹ, bí o fẹ́ bí o kọ̀,
                                                  Ẹ̀gbọ́n rẹ,
                                                  Bábílónì.