Ọ̀rọ̀ Ẹnu Mi Ni Papa Fi Ń Jẹun

Montréal,
Ọjọ́bọ̀.

Jacinthe ọ̀rẹ́ mi,

"Solange, bú mi! Pè mí ní òmùgọ̀ tó o bá fẹ́, ṣáà ti lanu! Ọ̀tunla ni Sátidé, mi ò sì ní nǹkan kan tí mo máa sọ!" Papa ló pariwo yẹn lẹ́nu ilẹ̀kùn mi báyìí. Mo kàn ń kọ lẹ́tà mi lọ. Báwo ni ara rẹ àti ti màmá rẹ? Ṣé òtútù Rimouski ò tíì gbé yín mì? Èmi wà láàyè, inú ló kàn ń bí mi.

Mi ò sọ iṣẹ́ Papa fún ẹ rí. Akọrin ẹ̀fẹ̀ ni, ní ilé ọtí kan láàárín ìgboro. Aṣọ obìnrin ló máa ń wọ̀, á kun ètè. Láti kékeré mi ló ti ń ṣe Madame Zénobie, opó sísanra tó ń wá ọkọ. Tó bá kọrin tán, á ṣí wíìgì, apárí rẹ̀ á máa dán, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn wọ́n. Nígbà tó yá, wọn ò rín in mọ́. Ọ̀gá ilé ọtí sọ fún Papa pé, "Rosaire, opó yìí ti kú, lọ sin ín."

Ni Papa bá sọ ara rẹ̀ di èmi. Ó ra yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé àwọn sístà tí mò ń lọ, ó so ríbọ́ọ̀nù bíi tèmi. Ohun tí mo bá fi ìbínú sọ nílé á di orin ní Sátidé. "Papa, bẹ́ ẹ ṣe ń mí yẹn gan-an ń bí mi nínú!" Èmi ni mo sọ ọ́. Ní báyìí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló ń sọ ọ́ sí mi. Lise, ọmọ kíláàsì mi, tiẹ̀ bi mí pé, "Ṣé orin ọ̀sẹ̀ yìí ti jinná, àbí ká múnú bí ẹ díẹ̀ sí i?"

Mo bẹ Papa. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, wọn ò sọ òkò lù wá." Mo wá panu mọ́. "Ẹ káàárọ̀" nìkan ló ń gbọ́ lẹ́nu mi. Ó bá mi jà nítorí bàtà yìnyín, ó da iyọ̀ sí ọbẹ̀ mi, kí n ṣáà lè jágbe. N ò jágbe. Ọ̀gá sì ti sọ fún un pé tí Sátidé yìí ò bá dùn, kó má padà wá.

Ohun tí mo máa ṣe nìyí. Lọ́la, nídìí tíì àárọ̀, mo máa gbaná jẹ mọ́ ọn lórí. Mo ti há a sórí: "Papa, ìgbà táwọn èèyàn bá sanwó nìkan lẹ máa ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ!" Á sáré wá pẹ́ńsùlù. Ní Sátidé, á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Wọn ò ní mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí. Bóyá òun á gbọ́.

Kí Ọlọ́run pa gbogbo ilé yín mọ́, kó má sọ bàbá tìẹ di aláwàdà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tínú ń bí,
Solange

Àfikún: Mo rántí pé màmá rẹ máa ń ka lẹ́tà rẹ, ọ̀rọ̀ sì lè dé etí Papa. Inú iná sítóòfù ni mo máa ju lẹ́tà yìí sí. Papa ò gbọ́dọ̀ mọ̀ láé pé mo dìídì kọ ọ̀rọ̀ ọ̀la yẹn fún un.