Gbogbo Wọn Ń Pè Mí Ní Mummy, Mi Ò Rẹ́ni Dúró Tì Mí

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Irọ́ ni mò ń pa fáwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níjó, ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń pa á, ó sì ti sú mi... mi ò mọ ẹni tí mo lè bá sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi wá síbí.

Obìnrin ni mí, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Sùúrùlérè ni mò ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ èèyàn níjó, kì í ṣe ijó òde àríyá o, contemporary ni, ijó tí èèyàn fi ń sọ ohun tí ẹnu ò lè sọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ilé wa ní Ìjẹ̀bú ní orí mi ti dàrú, pé báwo lọmọ tó kàwé ṣe máa wá máa yí gbirigbiri nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyẹn ò dá mi dúró. Mo gba hall kan lẹ́yìn ilé ìwé, mo ń kọ́ ọmọ Mushin, ọmọ Yaba, ẹni tó bá ṣáà ti lè dé ọ̀dọ̀ mi. Lónìí àwọn ọmọ mi wà ní London, wọ́n wà ní Paris, àwọn kan ti ní school tara wọn. Mummy ni gbogbo wọn ń pè mí. Tó bá di birthday mi, fóònù mi kì í sinmi. Tílẹ̀ bá mọ́, ó parí nìyẹn, ó ku èmi àti tẹlifíṣọ̀n. Mi ò bímọ. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi nígbà yẹn ní kí n mú ọ̀kan, òun àbí ijó, ẹ̀yin náà ẹ ti mọ èyí tí mo mú. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀ o, àmọ́ ilé mi ti dákẹ́ jù. Tí mo bá ń jáde, mo máa ń fi rédíò sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀, kí n lè bá ohùn èèyàn nílé tí mo bá dé.

Ohun tí mò ń fi pamọ́ rèé: eegun ìbàdí mi ti bàjẹ́. Dókítà ní ọsibítù Ìdí-Àràbà ní àfi kí wọ́n ṣe operation, pé tí mi ò bá tètè ṣe é, ó lè máà jẹ́ kí n rìn mọ́. Mi ò sọ fẹ́nì kankan. Orí àga ni mo ti ń kọ́ class báyìí, ọwọ́ àti ẹnu ni mo fi ń júwe. Mo sọ fáwọn ọmọ pé style tuntun ni, pé mo fẹ́ kí wọ́n fi etí jó dípò ojú. Wọ́n sì gbà mí gbọ́! Wọ́n tiẹ̀ ń gbé video ẹ̀ sórí internet, àwọn èèyàn ń yìn mí. Tí wọ́n bá lọ tán ni mo tó máa ń di ògiri mú dìde.

Nọ́ọ̀sì wá bi mí pé ta lẹni mi, ta ló máa dúró tì mí lẹ́yìn operation? Àfi bíi pé wọ́n gbá mi létí. Mo ní àwọn ọmọ mi wà lókè òkun. Ó ní ṣé kò sí ìkankan tó lè wálé ni? Mo jókòó, mò ń yẹ fóònù wò, orúkọ kún un fọ́fọ́... mi ò rí èyí tí mo lè pè.

Àbí kí n ní ọ̀kan wà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Tọ́pẹ́, kì í ṣe orúkọ ẹ̀. Ìwáyà ni mo ti rí i nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ń jó bó ṣe ń bá ìyá ẹ̀ yí ẹja lórí iná. Mo bẹ ìyá yẹn títí kó tó gbà. Ọmọ yẹn mọ ijó jù mí lọ, ẹ gbà mí gbọ́. Ọjọ́ tó máa lọ sókè òkun, ìyá ẹ̀ sunkún lójú mi, ó ní, "Àǹtí, mo fọmọ yá yín ni, ẹ wá gbà á pátápátá." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi rí, torí òótọ́ ni. Èmi ni Tọ́pẹ́ kọ́kọ́ máa ń pè, ì báà jẹ́ ayọ̀ ì báà jẹ́ ẹkún.

Tọ́pẹ́ ti wálé báyìí, ó fẹ́ wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ díẹ̀ kó tó padà sókè òkun lọ síbi iṣẹ́ ńlá kan. Òun gan-an ni wọ́n ní kó ṣètò gbogbo ijó ibẹ̀, irú ẹ̀ ò bọ́ sí i lọ́wọ́ rí. Ó wá kí mi, ó gbé orin sí i, ó nawọ́ sí mi pé, "Mummy, ẹ dìde ká jó." Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Òun nìkan ló jó. Omi ń bọ́ lójú mi, ó rò pé inú mi ló dùn.

Ọjọ́ tí mo padà lọ sí clinic, ta ni mo pàdé? Ìyá Tọ́pẹ́! Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ló bá wá. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ mi, kò síbi tí mo fẹ́ sá gbà. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó jókòó tì mí, mo bá sọ ọ̀rọ̀ operation náà fún un. Ó ní ta ló máa dúró tì mí? Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ni.

"Àǹtí, ẹ má parọ́ fún mi. Tọ́pẹ́ ti sọ fún mi pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà."

 Ó gbé báàgì mi lé ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ní:

"Màá gbé ẹní mi wá, èmi ni màá dúró tì yín. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, Tọ́pẹ́ ò gbọdọ̀ gbọ́. Tó bá gbọ́, kò ní lọ mọ́. Mo mọ ọmọ mi."

Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Obìnrin tí mo gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀...

Àmọ́ ibi tó ti wá dojú rú rèé. Nígbà tí bàbá Tọ́pẹ́ kú, ìyá ẹ̀ ò sọ fún un títí tó fi parí show kan lọ́hùn-ún. Ó pẹ́ gan-an kó tó bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ padà. Èmi ló ń pè, ó ń sunkún, ó ní Mummy, ẹ̀yin nìkan lẹ kì í tàn mí jẹ. Tó bá tún wá gbọ́ tibí yìí ńkọ́? Tí mi ò bá jí lórí tábìlì operation ńkọ́? Ìyá ẹ̀ ló máa tún bínú sí. Tí mo bá sì sọ fún un, iṣẹ́ yẹn lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń tì mí lójú jù. Tí mo bá yẹ ọkàn mi wò dáadáa, mo fẹ́ kó gbọ́. Mo fẹ́ kó ní òun ò lọ mọ́. Mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú gbogbo àwọn ọmọ yẹn dúró tì mí, kì í ṣe nítorí ijó. Ṣé ìfẹ́ nìyẹn àbí ìmọtara-ẹni-nìkan? Mi ò mọ̀ mọ́.

Tọ́pẹ́ ní òun ń bọ̀ wá dágbére fún mi lọ́la. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ẹ̀yin tí wọ́n ti fi irú nǹkan báyìí pamọ́ fún rí, ẹ bá mi dá sí i... tó bá wọlé, tó dì mọ́ mi, kí ni kí n sọ fún un?