Òrìṣà Àrá Tó Ń Pa Ọmọdé Lẹ́rìn-ín

Màámi,

Ara mi le, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti ríṣẹ́ sí ọgbà ìṣeré ọmọdé. Tọ́ọ̀, òrìṣà àrá àwọn ará àríwá ayé láyé àtijọ́, ni mo ń ṣe, pẹ̀lú irùngbọ̀n pupa àti òòlù tí wọ́n fi fóòmù ṣe. Ẹ̀rín ni àwọn ọmọ ń fi mí rín.

Lánàá ni okùn tí wọ́n fi ń gbé mi fò já. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé eré ni. Ọ̀gá wa sáré wá, ó sọ sí mi létí pé, "Dìde, ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan!" Mo dìde.

Ẹ má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí wúruwùru, ọwọ́ òsì ni mo kàn fi ń dánra wò.

Ẹ bá mi kí ìyàwó mi. Ẹ sọ fún un pé kámẹ́rà fóònù mi bàjẹ́, ohùn mi nìkan ni yóò máa gbọ́ ná.

Ọmọ yín ni.